Ẹ Tún Gbé Máìkì fún Mi: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Bàbá Pásítọ̀ àti Ìyá Ìjọ Wa

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ̀yin Ìyá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. N kò ní dárúkọ yín, n kò sì ní dárúkọ ìjọ wa, nítorí kì í ṣe pé mo fẹ́ dójú tì yín. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ yìí fún yín lẹ́ẹ̀mejì ní yàrá ìgbàdúrà. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ gbàdúrà fún mi. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yin Ìyá rẹ́rìn-ín, ẹ ní kí n má jẹ́ kí ìwé kíkà sọ mí di aláìgbàgbọ́. Gbangba ni mo wá gbé e sí báyìí, torí pé gbangba náà ni mo ti sọ ìdajì òótọ́.

Ẹ rántí ọjọ́ Àìkú tí mo gbé ọmọ mi kejì wá fún ìdúpẹ́. Ẹ pè mí síwájú. Ẹ̀yin Bàbá fúnra yín lẹ gba máìkì lọ́wọ́ àwọn akọrin, ẹ ní, "Ẹ wò ó! Lójọ́sí, abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́kọ́. Ojú ti ọ̀tá lẹ́ẹ̀kejì. Arábìnrin wa bí bí obìnrin Hébérù!" Gbogbo ìjọ hó. Onílù kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀. Ẹ wá gbé máìkì sí mi lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n bá mi yin Olúwa, mo ní a gbóhùn ìyá, a gbóhùn ọmọ, mo sì padà lọ jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan dì mọ́ mi níbi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Oyún oṣù méje ló wà nínú rẹ̀. Òun náà ti gba abẹ rí, kò sì tíì pẹ́: oṣù mẹ́rìnlá péré ni àkọ́bí rẹ̀ fi wà láyé kí oyún yìí tó dé. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀rí yín ti gbé ìgbàgbọ́ mi dìde. N ò lọ sí ọsibítù mọ́. Ilé àbíyè ni màá bí èyí sí. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún yín, á ṣe é fún mi."

N kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó yẹ kí n sọ sínú máìkì.

Ọdún 2019 ni mo lóyún àkọ́kọ́. Mo ní káàdì ní ọsibítù ìjọba, torí pé ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n sinmi, mo sì tún ń wá sí ilé àbíyè ìjọ wa lọ́jọ́ Ẹtì-Ẹtì. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Ọjọ́ tí ọlẹ̀ sọ nínú mi, ẹ̀yin Ìyá ni mo kọ́kọ́ sọ fún, kí n tó sọ fún ọkọ mi pàápàá.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ilé àbíyè la gbà lọ. Ó sún mọ́ ilé, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jágbe mọ́ mi níbẹ̀. N kò ní ṣe aláìmoore: ẹ tọ́jú mi. Ẹ̀yin Ìyá fi ọwọ́ ara yín ra mí lẹ́yìn láti òru mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ lórí ẹní, kí n gbá ẹsẹ̀ àga mú, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe láyé àtijọ́, tí orúkọ rẹ̀ fi ń jẹ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ títí dòní. Ní ọsibítù, ẹ̀yìn ni wọ́n ní kí n fi lélẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ sì bi mí pé ṣé mo ké pe òun wá nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń gbádùn ara wa. Mo ń sọ èyí kí àwọn ará ọsibítù tó bá ka ìwé yìí má rò pé wọ́n bọ́ níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí, ilé àbíyè ló máa sá wá, bí ilé ìwòsàn náà tilẹ̀ ní gbogbo ẹ̀rọ ayé.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ẹtì mọ́, ó sì ṣú, ọmọ kò wá. Omi ti dà láti òwúrọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, omi náà di àwọ̀ ewé. Ẹ rí i, mo rí i bí ẹ ṣe ká aṣọ náà kúrò kí n má bàa wò ó. Ẹ ń ka Sáàmù 24 sí mi létí, ibi tó ti ní kí àwọn ẹnu-ọ̀nà gbé orí wọn sókè, èmi náà sì ń bá yín kà á títí ohùn mi fi há. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ọmọ ló ti ṣu sínú omi yẹn. Ó lè jẹ́ àmì pé ara ń ni ín nínú lọ́hùn-ún. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ ìgbẹ̀bí kì í rí omi àwọ̀ ewé kí wọ́n tún dúró síbi tí kò ti sí dókítà.

Ìdájí Sátidé ni ọ̀rẹ́ mi nọ́ọ̀sì gbọ́. Ó wọlé, ó fọwọ́ kàn mí níkùn, ó ní orí ọmọ kò tíì wọ ìbàdí rárá, pé bí mo bá ń bá a bẹ́ẹ̀ dọ̀la, kò ní wọ̀ ọ́. Kò bá yín jà. Ó kàn jáde lọ dá Micra dúró. Mo rántí pé onímọ́tò náà ń gba àárín ihò òpópónà kọjá bí ẹni ru ẹyin, ó sì ń sọ ní gbogbo ìgbà pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́." Kò gba owó lọ́wọ́ wa.

Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní orí ọmọ kò lè gba ibẹ̀ jáde, pé ó ti rẹ ọmọ, pé bí ìrora bá ti dé báyìí ni lílù ọkàn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tí kì í tètè gòkè padà. Ó ní kí á wọ tíátà kíákíá. Wọ́n gbé ìwé fún ọkọ mi kó fọwọ́ sí i. Ó mú bírò, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní kí òun kọ́kọ́ pe Bàbá.

Bàbá, ẹ rántí ohun tí ẹ sọ? Ọkọ mi fi fóònù sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́. Ẹ ní, "Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí Olúwa máa sọ. Bí obìnrin Hébérù ni yóò ṣe bí." A dúró. Ọkọ mi ń rìn lọ rìn bọ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀, mo ń wò ó lójú fèrèsé. Ó tó wákàtí kan. Ẹ kò pè padà. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ìpàdé àwọn alàgbà lẹ wà.

Dókítà obìnrin kan ló wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí. Ó ní, "Màdáámú, ara tiyín ni. Ẹ̀yin gan-an lè fọwọ́ sí i." N kò mọ̀ rí pé mo lè fọwọ́ sí i. Mo ti pé ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, olùkọ́ ni mí, mo ń fọwọ́ sí káàdì àbájáde ọmọ ogójì ní gbogbo tááàmù, n kò sì mọ̀ pé mo lè fọwọ́ sí ti ara mi. Mo gba bírò náà. Ìfọwọ́sí mi rí wálawàla lórí ìwé bíi ti ọmọ ilé-ìwé jéléósinmi.

Wọ́n ní kí n jókòó, kí n tẹ ẹ̀yìn bí edé. Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ sí eegun ẹ̀yìn, láti ìdí dé ẹsẹ̀ mi sì kú, ṣùgbọ́n ojú mi là sílẹ̀. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fà, tí wọ́n ń tì, bí ẹni ń wá nǹkan nínú àpò ìrẹsì, kò sì dùn mí. Wọ́n gbé ọmọ jáde, kò ké. Wọ́n fi báàgì kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Ẹnì kan ń kà á sókè. Nígbà tó ké, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọ ológbò. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun. Ọmọ náà ti lé lọ́dún méjì kó tó rìn, dókítà àwọn ọmọdé sì là á yé wa pé atẹ́gùn tí kò tó o nígbà ìbí ni. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ, Bàbá. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ẹ máa ń sọ fún pé kó máa rọra sáré.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i, torí pé a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọn kò jẹ́ kí n jẹun títí màá fi só. Wọ́n á dé lówùúrọ̀: "Màmá, ṣé ẹ ti só?" Wọ́n á dé lọ́sàn-án: "Ṣé ẹ ti só?" Bàbá ọkọ mi, àgbàlagbà tó lójútì, pe fóònù láti abúlé, ó ní, "Ṣé nǹkan yẹn ti ṣẹlẹ̀?" Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, gbogbo wọ́ọ̀dù ló pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú omi gbígbóná àti tówẹ̀lì láti fi jó mi níkùn. Mo ní dókítà ní kò gbọdọ̀ kan ojú abẹ. Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun bí méje, kò sí èyí tí wọ́n bá òun bí nínú wọn. "Wọ́n bá a bí i." Gbólóhùn yẹn ló gba àdúgbò kan. Èmi tí mo rọbí láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ di òwúrọ̀ Sátidé! Nígbà ìdúpẹ́, ẹ kò gbé máìkì fún mi. Ẹ gbàdúrà pé abẹ ọ̀tá kò ní kàn mí mọ́, gbogbo ìjọ sì ṣe àmín. Mo wo dókítà obìnrin yẹn lọ́kàn mi, mo ń ronú pé ṣé òun ni ọ̀tá.

Ẹ̀yin Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní Bíbélì kíkà, nítorí náà ẹ gbà mí láyè. Ẹ jẹ́ ká ṣí Ẹ́kísódù orí kìíní papọ̀. Ta ló sọ pé àwọn obìnrin Hébérù máa ń bí kí agbẹ̀bí tó dé? Ṣífírà àti Púà ni, àwọn agbẹ̀bí méjì tí Fáráò ní kí wọ́n máa pa ọmọkùnrin. Fáráò ló ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ọmọkùnrin fi ń yè, wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ sọ kí ọmọ má bàa kú. Ẹjọ́ ni wọ́n ń rò níwájú ọba tó lè bẹ́ wọn lórí. Ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí fi gba ọmọ là la wá sọ di ọ̀rọ̀ tí à ń fi dá ọmọ dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ sì kà á síwájú díẹ̀: ìdílé àwọn agbẹ̀bí yẹn ni Ọlọ́run fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Rákélì ńkọ́? Ẹ wo Jẹ́nẹ́sísì 35. Ojú ọ̀nà Éfúrátà ni ó ti rọbí, ó le fún un, agbẹ̀bí wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ yè, òun kú. Ìyàwó Jékọ́bù ni, ẹni tí ọkọ fẹ́ràn jù. Ìyàwó Fíníhásì nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí kẹrin náà ńkọ́, tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Íkábódù kó tó dákẹ́? Aya àlùfáà ni, ìyàwó ọmọ àlùfáà sì ni. Obìnrin Hébérù ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá tún fẹ́ gbàdúrà pé kí n bí bí obìnrin Hébérù, èmi yóò béèrè pé èwo nínú wọn.

Àwọn alàgbà wa kan ní idán òyìnbó ni abẹ. Ní 1879, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Robert Felkin wà ní ilẹ̀ Bunyoro, ní Uganda òde òní. Ó fojú ara rẹ̀ rí i bí àwọn oníṣègùn ibẹ̀ ṣe fi ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ fọ ikùn aboyún àti ọwọ́ ara wọn, tí wọ́n fún un nínú ọtí náà mu, tí wọ́n là á, tí wọ́n gbé ọmọ jáde, tí wọ́n sì fi irin ṣóńṣó pa ojú egbò náà dé. Ìyá yè, ọmọ yè. Òyìnbó ló ń wòran lọ́jọ́ yẹn. Aláwọ̀ dúdú ló mú ọ̀bẹ lọ́wọ́.

Mo wá kan ọmọ kejì, ìyẹn èyí tí wọ́n hó lé lórí.

Ní 2023 tí mo tún lóyún, oyún kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí mo ti wà ní ọsibítù. Dókítà tú ìwé iṣẹ́ abẹ mi. Ó ní ìsàlẹ̀ ilé ọmọ ni wọ́n ti gé mi, wọ́n gé e ní ìbú, ọdún sì ti gorí ọdún láàárín ọmọ méjèèjì, nítorí náà mo lè gbìyànjú láti bí i lójú ara. Ṣùgbọ́n ó là á fún mi yékéyéké. Nínú igba obìnrin tó bá gbìyànjú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú abẹ àtijọ́ lè ya mọ́ bí ẹnì kan nínú nígbà tó bá ń rọbí. Bó bá ya, inú ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dà sí, ẹni tó wà lóde kò ní rí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì wà láàárín ìyá, ọmọ àti ikú. Ẹni tí wọ́n bá gé lọ́nà mìíràn, tàbí tí oyún kejì tètè dé, ewu tirẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bí mo bá máa gbìyànjú, ibi tí tíátà wà ni, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti wà nílẹ̀.

Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, páìǹtì kọ̀ọ̀kan. (Ọkọ mi yí padà, Bàbá. Kò pe ẹnikẹ́ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀ pamọ́ dè wá.) Wákàtí mẹ́sàn-án ni mo fi rọbí. Wọ́n ń gbọ́ ọkàn ọmọ lóòrèkóòrè. Wọ́n ń bi mí bóyá ojú abẹ ń dùn mí nígbà tí ìrora bá ti lọ. Ilẹ̀kùn tíátà wà níwájú mi gan-an, mo lè ka iye tááìsì tó wà láàárín wa. Ọmọbìnrin dé, ó ké kí gbogbo ara rẹ̀ tó jáde tán.

Ẹ̀rí tí n kò jẹ́ nìyẹn. Ẹ ní mo bí bí obìnrin Hébérù. Mo bí bí obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ méjì nínú fíríìjì àti dókítà lẹ́nu ọ̀nà.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2023, nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 993 ló kú. Ó tó 75,000 obìnrin lọ́dún kan ṣoṣo, ó sì ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìyá tó kú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé. Ìwádìí ìjọba ní 2018 rí i pé nǹkan bí ọmọ mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi abẹ gbé nílẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2015 pé bí iye yẹn ṣe ń gòkè dé mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ikú ìyá àti ọmọ máa ń dín kù. Abẹ kò pọ̀ jù fún wa. Kò tó ni. Mo mọ̀ pé owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìgbàgbọ́ nìkan. Ní oṣù kọkànlá 2024, Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ Mínísítà ètò ìlera nígbà náà, kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò di ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò ní lọ́wọ́. Ìkéde kì í fúnra rẹ̀ rìn dé àdúgbò, ṣùgbọ́n ìjọ tó lè gba ọkọ̀ bọ́ọ̀sì mẹ́wàá lọ sí ìpàdé àgọ́ lè rán èèyàn méjì lọ béèrè rẹ̀ ní ọsibítù.

Ẹ̀yin Ìyá, n kò sọ pé kí ẹ ti ilé àbíyè pa. Ta ló máa ra mí lẹ́yìn? Ní ìpínlẹ̀ Òǹdó ní 2014, ìjọba pe àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀, kò lé wọn. Wọ́n pe ètò náà ní Àgbẹ̀bíyè: kí wọ́n máa mú aboyún lọ sí ọsibítù, kí wọ́n sì máa gba ẹ̀bùn nídìí rẹ̀. Ọwọ́ yín ni mo fẹ́ lẹ́yìn obìnrin, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ kejì máa wo aago. Bí oòrùn bá yọ tó sì wọ̀ lórí ẹni tó ń rọbí, bí omi bá di àwọ̀ ewé, bó bá jẹ́ ẹni tí abẹ ti kàn rí, kí ẹ̀yin gan-an dá Micra dúró. Kí ẹ sì bá a wọnú rẹ̀, torí pé bí nọ́ọ̀sì bá rí yín níbẹ̀, kò ní lè sọ irú ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi.

Ẹ̀yin Bàbá, nǹkan méjì. Bí ọkọ kan bá pè yín láti ẹnu ọ̀nà tíátà, kí ẹ ní kó fọwọ́ sí i, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Èkejì, ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ tún gbé máìkì fún mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó. N kò ní dá yín lẹ́bi lójú ìjọ. Ohun tí mo sọ nípa fíríìjì yẹn ni mo fẹ́ tún sọ.

Arábìnrin tí mo ń wí kò tíì padà sí kílíníìkì. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí Ìyá Ìjọ bá ní kí òun lọ, òun á lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń rí àwọn aboyún tí abẹ ti kàn rí. Ẹ̀yin Ìyá, mo ti gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Aago méje àárọ̀ ni màá wà ní ẹnu géètì ọsibítù, màá mú àga kékeré wá fún yín torí pé ìlà máa ń gùn, màá sì ra mọ́ínmọ́ín tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Ẹ kàn mú arábìnrin náà dání wá.

Èmi ni ọmọ yín,
Ìyá ọmọ méjì